Iná Kejì ní Tábìlì Kẹta

Pupa ni iná náà tàn.

Ìbídùn kò tètè gbà pé ohun tí ojú òun ń rí nìyẹn. Ó yọ ẹnu kúrò lára ọ̀pá èémí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè rẹ̀, ó sì tún wo ògiri. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni iná yìí ti ń tàn ní àwọ̀ ewé fún un láràárọ̀, tí kò já a kulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Tábìlì kẹta, iná kejì. Orúkọ tó wà lábẹ́ iná náà ni Tìjání Akínwálé. Bẹ́ẹ̀ Tìjání Akínwálé ti kú, wọ́n ti sin ín, koríko ti hù lórí ibi tí wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀rọ amèémí tó wà lókè fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin ni wọ́n fún un, ohùn ẹni tí kò bínú rí láyé rẹ̀.

"Tìjání Akínwálé. Gbọ̀ngàn Gbóríọlá, tábìlì kẹta, ẹnìkejì. A rí àrùn nínú èémí yín. Ẹ má kúrò níbi tí ẹ wà. Olùṣọ́ gbọ̀ngàn, ẹ ní wákàtí kan láti fi aláìsàn náà hàn."

"Olùṣọ́ ti gbọ́," ni Ìbídùn dá a lóhùn, nítorí pé bí èèyàn kò bá dá a lóhùn, yóò máa tún un sọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ní aago méje, Bàbá Ṣówándé yóò wọlé. Awakọ̀ rélùwéè ni Bàbá Ṣówándé kó tó fẹ̀yìn tì, Lafẹ́nwá sí Ìbàdàn, Ìbàdàn sí Òṣogbo, kì í pẹ́, kì í sì í tètè dé. Bí ó bá wọlé, iná yẹn ni yóò kọ́kọ́ wò. Kò ní wo ojú Ìbídùn. Kì í wo ojú Ìbídùn, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, òun kọ́ ló wá wò.

Gbọ̀ngàn náà dákẹ́ bí ó ti máa ń dákẹ́. Tábìlì mẹ́rin tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí èkejì tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè sá aṣọ sí àárín wọn. Gbogbo fèrèsé ṣí sílẹ̀. Fáànù ńlá kan ń ti afẹ́fẹ́ wọlé lápá kan, òmíràn ń fà á jáde lápá kejì, kí èémí ẹnì kan má baà dúró de ẹlòmíràn. Lára ògiri ni wọ́n to àwọn bọ́ọ̀lù sí nínú ihò kéékèèké, ti oníkálukú pẹ̀lú àmì tirẹ̀: ìlà méjì, ojú ẹja, àgbélébùú, òṣùpá. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ẹlòmíràn. Bí tìrẹ bá yí wá bá mi, pátákó ni n ó fi gbé e, tàbí kí n fi ẹsẹ̀ rọra tì í padà sí ọ. Ó ti wọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lára débi pé nílé wọn pàápàá, bí ọsàn bá bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tì í.

Lókè ilẹ̀kùn ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: Ẹ MÁ PARIWO. Èémí ẹni tó ń pariwo máa ń rìn jìnnà, ni àwọn Ọ́fíìsì Èémí tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àrùn wí. Nítorí náà ẹni tó bá jẹ ayò kan á fi pátákó lu itan rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pọ́, ó parí. Ìbídùn ti rí ọkùnrin tó gba ife-ẹ̀yẹ nínú gbọ̀ngàn yìí, tó kúnlẹ̀, tó sunkún, tí ìró kan kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ò rí irú ayé tí a wà.

Àmọ́ nínú gbogbo òfin wọ̀nyẹn, òfin ẹnìkejì ló le jù. Méjìméjì ni kí èèyàn máa wọlé. Ẹni tí o bá so èémí rẹ mọ́, òun nìkan ni o lè bá gbá, kí wọ́n lè mọ ibi tí àrùn gbà bí ó bá wọlé. Iná yín méjèèjì gbọ́dọ̀ tàn kí ilẹ̀kùn onírin tó yí tábìlì yín ká tó ṣí. Ẹni tí kò ní ẹnìkejì kò ní àyè. Ẹni tó ṣe òfin yìí kò gbá bọ́ọ̀lù rí, ó sì dá mi lójú pé ẹni rẹ̀ kò kú mọ́ ọn lójú rí.

Lẹ́yìn ikú Tìjání tó jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀, Bàbá Ṣówándé fi orúkọ sílẹ̀ ní kílọ́ọ̀bù mẹ́rin pé òun ń wá ẹnìkejì. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ta ni yóò so èémí rẹ̀ mọ́ ti ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin? Èémí arúgbó a máa tan iná sí àwọ̀ ìyeyè nígbà míì, ọjọ́ tó bá sì tàn bẹ́ẹ̀, ẹni méjèèjì ni yóò padà sílé láìgbá. Ìbídùn ì bá ti bá a gbá, àmọ́ olùṣọ́ kò gbọdọ̀ ní ẹnìkejì. Ẹni tó ń ṣọ́ gbogbo èèyàn, òfin ní kó dá dúró. Ọdún mẹ́fà rèé tó ti ń jókòó sínú àpótí dígí, tó ń wo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tí òun alára kò gbá ẹyọ kan.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ju ìgbàgbé lọ. Iṣẹ́ olùṣọ́ ni pé láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, kó fọ ọ̀pá èémí kọ̀ọ̀kan, kó pààrọ̀ ẹnu rẹ̀, kó pa orúkọ tó wà lábẹ́ iná, kó wá fẹ́ èémí ara rẹ̀ sí i láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn náà ni yóò tan orúkọ padà. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin Tìjání, Ìbídùn fọ ti tábìlì kẹta, ó sì fẹ́ ẹ láì pa orúkọ. Ó rò pé Ọ́fíìsì Èémí ti pa orúkọ olóògbé láti ọ̀dọ̀ wọn. Wọn kò pa á. Ọ̀pá àtijọ́ sì ni tiwọn, kò mọ èémí Táyé yàtọ̀ sí ti Kẹ́hìndé. Ohun tó mọ̀ kò ju pé alààyè ló fẹ́ òun, àti pé ara onítọ̀hún le. Ni iná Tìjání bá tàn.

Kó tó na ọwọ́ kó pa á, Bàbá Ṣówándé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà rẹ̀ ló wá kó lọ sílé. Ó wo iná náà títí.

"Tìjání," ló wí, "o ti dé ṣáájú mi."

Ó fẹ́ ọ̀pá tirẹ̀, iná tirẹ̀ náà tàn, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ó ká apá kejì tábìlì sókè kó dúró bí ògiri, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù lù ú, tábìlì ń dá a padà fún un. Nígbà tí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta rẹ̀ pé, ó wá síwájú àpótí dígí. "Ìbídùn, ṣé ẹ̀rọ yìí máa ń tọ́jú èémí èèyàn pamọ́ ni?"

Ó yẹ kó sọ òótọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu rẹ̀.

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Bàbá," ló sọ.

Láti ọjọ́ yẹn wá, kí aago méje tó lù, Ìbídùn ti fẹ́ èémí rẹ̀ fún Tìjání. Bàbá á wọlé, á kí iná náà, á sì máa bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń gbá. Ohùn rẹ̀ kì í ga, kò rú òfin. Ó sọ fún un pé orúnkún ń dun òun. Ó sọ fún un pé àwọn ọmọ òun kì í pè. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ife-ẹ̀yẹ kan tí wọ́n dù ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí èèyàn ṣì lè pariwo. Bọ́ọ̀lù tí Tìjání gbá kẹ́yìn fara kan etí tábìlì, ayò Tìjání ni. Òun Ṣówándé ló sọ pé kò kàn án, wọ́n sì gbé ife fún òun. Tìjání kò jiyàn. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì lọ sílé.

Ìbídùn gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ agbóhùn tó wà nínú àpótí dígí kì í kú. Òfin ni. Nígbà tí ọjọ́ ìbí Tìjání sì pé, Bàbá gbé àkàrà mẹ́ta sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ iná náà, ó bò ó, ó sì lọ.

Ní báyìí, Ìbídùn dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó wọ inú àpótí dígí. Bọ́tìnnì méjì ló wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Funfun ni ọ̀kan: Aláìsàn Rèé. Dúdú ni èkejì: Ẹ̀rọ Ṣìṣe. Bí ó bá tẹ funfun láàárín wákàtí kan, tó sì wí pé òun ni, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọn yóò fi ti gbọ̀ngàn, wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò sì ṣí i padà. Bí ó bá tẹ dúdú, wọn yóò ní kó pààrọ̀ ọ̀pá, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ó ti tẹ dúdú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yìí, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ̀rọ sì ṣìṣe lóòótọ́. Kò sẹ́ni tí yóò bi í ní ìbéèrè kan. Lọ́la, ìyẹn bí ó bá lè rí ẹlòmíràn tí yóò bá a fẹ́ ẹ, iná Tìjání á tún tàn.

Ara rẹ̀ kò gbóná. Kò wúkọ́. Ẹ̀rọ yìí máa ń mọ àrùn ní ọjọ́ méjì kí ara tó mọ̀ ọ́n, kí ó sì tó lè ran ẹlòmíràn. Ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, èèyàn mẹ́tàlélógún ló ń wọ gbọ̀ngàn yìí lọ́sẹ̀, òun sì ni yóò máa nu gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ kàn. Bàbá ni yóò sì kọ́kọ́ wọlé nínú gbogbo wọn.

Ó mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe. Mímọ̀ kọ́ ló ń dà á láàmú. Bí ó bá ti tẹ funfun, yóò sọ ọ̀pá tó fẹ́, yóò sì sọ orúkọ tó fẹ́ ẹ sí. Wọn yóò pa iná Tìjání, Bàbá Ṣówándé yóò sì tún sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lọ́tẹ̀ yìí lójú ara rẹ̀, nínú gbọ̀ngàn òfìfo, ní aago méje òwúrọ̀. Èyí ni Ìbídùn kò lè gbé. Ó jókòó tì í, ọwọ́ rẹ̀ wà láàárín bọ́tìnnì méjèèjì, títí ó fi gbọ́ ìró bàtà lórí òkúta ìta.

Bàbá Ṣówándé wọlé pẹ̀lú ìbòmú rẹ̀. Ó fọ ọwọ́. Ó dúró sórí àmì ẹsẹ̀ tí wọ́n kùn sílẹ̀, ó sún ìbòmú sísàlẹ̀, ó fẹ́ ọ̀pá tirẹ̀. Àwọ̀ ewé. Ó gbójú sókè láti kí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ìbídùn."

"Bàbá."

"Iná Tìjání pupa."

"Mo rí i, sà."

"Kí ló ń ṣe é?"

Ìbéèrè yẹn gún Ìbídùn lọ́kàn. Bàbá kò béèrè ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ. Bọ́tìnnì dúdú wà lábẹ́ àtàńpàkò rẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi tù ú nínú, àwọn ọ̀rọ̀ rírọrùn tó ti ń lò láti oṣù mẹ́jọ. Ó gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ dígí. Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn. Èémí mi ni."

"Èémí rẹ ni kí ni?"

"Tó wà lórí iná yẹn. Èmi ni mo máa ń fẹ́ ẹ kí ẹ tó dé. Láti ọjọ́ tí ẹ wá kó bàtà yín. Àrùn náà, ara mi ló wà."

Bàbá Ṣówándé yí padà wo iná náà, ó sì tún yí padà wo Ìbídùn. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wo ojú rẹ̀ dáadáa láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n.

"Lánàá ńkọ́?"

"Èmi ni, sà."

"Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ńkọ́? Tí mo gbé àkàrà wá?"

"Èmi ni. Èmi ni mo jẹ àkàrà náà, Bàbá. Ó ti tutù."

Ọkùnrin náà jókòó. Ó ń rọra jókòó bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá àga wà lẹ́yìn òun. Fáànù ń ti afẹ́fẹ́ wọlé, èkejì ń fà á jáde.

"Gbogbo ohun tí mo ń bá a sọ. Ò ń gbọ́ ọ?"

"Mo ń gbọ́, sà. Ẹ̀rọ agbóhùn yìí kì í kú."

"Àti ti bọ́ọ̀lù etí tábìlì?"

"Àti ìyẹn."

"O jẹ́ kí n máa bá iná sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú." Ohùn rẹ̀ kò ga sókè, ó ti mọ́ ọn lára. "Mo mọ̀ pé ó ti kú o. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi da erùpẹ̀ sí i. Mi ò ya wèrè. Àmọ́ mo ní ẹ̀rọ yẹn á ti tọ́jú díẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ yìí, kí ni wọn kì í tọ́jú? Wọ́n mọ iye ìgbà tí mo sín lọ́dún tó kọjá. Mo ní wọ́n á ti tọ́jú díẹ̀ nínú tirẹ̀."

"Ẹ má bínú, sà."

"Mi ò bínú." Ó tún wo iná náà. "Irọ́ ni. Inú ń bí mi gan-an."

Ìbídùn na ọwọ́, ó sì tẹ bọ́tìnnì funfun. Ẹ̀rọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tútù rẹ̀ yẹn, ó ní kó dúró sínú àpótí dígí, àwọn Ọ́fíìsì Èémí ń bọ̀.

"Kí ló dé tó o fi ṣe é?" ni Bàbá bi í. "Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ye mi. Àánú ṣe ọ́. Àmọ́ oṣù mẹ́jọ?"

Ìbídùn ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí rí, kò sì fẹ́ràn ìdáhùn tó rí. Ojú tì í láti sọ ọ́, síbẹ̀ ó sọ ọ́.

"Ẹ máa ń kí i, Bàbá. Láràárọ̀. Ẹ máa ń ní inú yín dùn pé ó dé. Nílé mi, mo máa ń jí, mo máa ń wẹ̀, mo máa ń jáde, kò sẹ́ni tó ń kí mi. Àwọn tó ń wọlé níbí, àpótí dígí ni wọ́n ń rí. Nígbà tí ẹ bá kí iná yẹn, èémí mi ló wà níbẹ̀. Mo wá ń gbà á bí ẹni pé èmi lẹ kí."

Bàbá yẹ bàtà rẹ̀ wò, bàtà funfun tó ti fọ̀ títí tí kò ní àwọ̀ mọ́.

Obìnrin tí Ọ́fíìsì Èémí rán wá kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, Ṣẹ̀gilọlá lorúkọ tó wà láyà aṣọ funfun tó bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó kí wọn dáadáa. Ó ní kí Bàbá fẹ́ ọ̀pá kékeré kan tó mú dání, ó wò ó, ó ní ara wọn dá ṣáká. Ó wá kọjú sí dígí.

"Mà, ta ló fẹ́ èémí sí orúkọ yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹni tó ni orúkọ ńkọ́?"

"Ó ti kú. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn."

Ṣẹ̀gilọlá wo Bàbá. "Ṣé Bàbá mọ̀ sí i?" Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àmọ́ gbogbo wọn mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ sí èémí ayédèrú, ọdún méjì ni kò fi ní wọ gbọ̀ngàn kankan.

"Wọn ò mọ̀," ni Ìbídùn wí. "Mo parọ́ fún wọn."

"Ó parọ́ fún mi," ni Bàbá náà wí.

Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sọ fún Ìbídùn pé láti òní lọ kì í ṣe olùṣọ́ mọ́, pé ọjọ́ mọ́kànlélógún ni yóò lò nílé ìyàsọ́tọ̀, àti pé wọ́n dúpẹ́ pé ó sọ̀rọ̀ ní àsìkò. Lẹ́yìn náà ó mú kọ́kọ́rọ́ tín-ín-rín kan jáde, ó lọ sídìí ògiri, ó ki í bọ abẹ́ iná kejì ní tábìlì kẹta, ó sì yí i. Orúkọ náà parẹ́. Iná náà kú. Bàbá Ṣówándé dìde dúró nígbà tí ó ń ṣe é, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ó fi parí.

Ó wá lọ sí ibi tí wọ́n to bọ́ọ̀lù sí. Èyí tó ní àmì òṣùpá ni ti Tìjání. Kò fọwọ́ kàn án. Ó fi etí pátákó rẹ̀ fà á yọ, ó gbé e sórí rẹ̀, ó sì ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bọ́ọ̀lù náà kó má baà yí bọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó dúró.

"Ìbídùn."

"Bàbá."

"Ṣé o rò pé Tìjání mọ̀? Pé bọ́ọ̀lù yẹn kan etí tábìlì?"

Ìbídùn ronú sí i. Ó ti pẹ́ tó ti gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn, àmọ́ kò gbàgbé. "Wọ́n mọ̀, sà. Ìró rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá ń gbá dáadáa á gbọ́ ọ."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí. Ó jáde, kò sì kí i pé ó dìgbà.

Yàrá tí wọ́n fún Ìbídùn nílé ìyàsọ́tọ̀ mọ́ tónítóní. Ibùsùn kan, àga kan, fèrèsé tí kò ṣeé ṣí. Lára ògiri, ọ̀pá èémí kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú iná méjì. Kúdírátù, olùtọ́jú tó máa ń ti oúnjẹ wọlé láti ihò ilẹ̀kùn, ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

"Àkọ́kọ́ ni tiyín, mà. Ẹ máa fẹ́ ẹ láràárọ̀. Èkejì wà fún ẹnìkejì. Ẹni tó bá ní ẹnìkejì, bó bá fẹ́ ẹ níbí, iná rẹ̀ á tàn ní gbọ̀ngàn wọn lọ́hùn-ún, ilẹ̀kùn á sì ṣí bó tilẹ̀ jẹ́ pupa, torí aláìsàn kò sí níbẹ̀, kí àyè ẹnìkejì rẹ̀ má baà bọ́. Ti ẹnìkejì náà á sì tàn níbí. Àmọ́ èkejì yìí kò ní tàn fún yín, torí wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ ò ní ẹnì kankan."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìbídùn wí. "Mi ò ní."

Ọjọ́ kejì ni ibà dé, bí ẹ̀rọ ṣe sọ gẹ́lẹ́. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo pè láti òkè òkun, ó sunkún díẹ̀, ó ní òun á tún pè. Ìbídùn sùn, ó jí, ó mu omi. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá lọ, gbọ̀ngàn ni yóò máa rí, tábìlì kẹta, àti Bàbá Ṣówándé nílé rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù olóṣùpá tí kò lè fọwọ́ kàn. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n á ti ṣí gbọ̀ngàn padà. Olùṣọ́ tuntun á ti wà nínú àpótí dígí. Ó ro gbogbo èyí láìbínú, àmọ́ omi ń jáde lójú rẹ̀, kò sì nù ún, ta ni yóò rí i.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó jí, kò sì fẹ́ dìde. Kò rí ìdí tí òun yóò fi lọ fẹ́ ọ̀pá kan fún ẹ̀rọ kan. Ó ń wo ògiri bẹ́ẹ̀ nígbà tí aago méje lù.

Iná kejì tàn. Àwọ̀ ewé.

"Olújìnmí Ṣówándé," ni ohùn tí kò bínú rí náà wí. "Gbọ̀ngàn Gbóríọlá, tábìlì kẹta. Ẹnìkejì yín ti dé. Ó ń dúró."

Ìbídùn dìde jókòó. Ó rò pé ibà ni. Ó fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn, Kúdírátù sì fi ojú wo ihò.

"Háà, mà, ẹ má bínú, mo gbàgbé láti sọ fún yín. Bàbá kan wá kọ orúkọ yín sílẹ̀ lánàá. Ó béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bóyá ẹ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùṣọ́ lóòótọ́. A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bá tẹ̀ka. Bí ẹ bá gbà, ẹ fẹ́ ẹ. Bí ẹ ò bá gbà, ẹ fi sílẹ̀."

"Pupa ni tèmi máa tàn níbẹ̀."

"A sọ fún Bàbá náà. A ní pupa ni yóò máa tàn títí ara yín á fi yá, àti pé bí ara yín ò bá yá... A sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní àwọn á máa wò ó bẹ́ẹ̀."

Ìbídùn sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn. Ó di ògiri mú. Ó gbé ẹnu sí ọ̀pá, ó sì fẹ́ gbogbo èémí tó kù nínú rẹ̀ sí i. Iná tirẹ̀ tàn pupa. Ó mọ̀ pé lọ́hùn-ún, ní tábìlì kẹta, lábẹ́ orúkọ ara òun, ọ̀kan náà tàn, àti pé ilẹ̀kùn onírin ti ṣí.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ló sọ fún iná kejì. "Ẹ ti dé ṣáájú mi."

Ó fa àga sún mọ́ ògiri, ó jókòó tì í, ó sì ń wo iná náà títí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta fi pé, tí wọ́n sì pa á.